Ta Ni "Wọ́n"? Arọ́pò-Orúkọ àti Ìdájọ́ Òǹwòran lórí Àwọn Ẹ̀dá-Ìtàn Eré Tẹlifíṣọ̀n

1. Ìbẹ̀rẹ̀

Ní àwọn ọdún tí eré Ma Famille ń lọ lọ́wọ́, mo máa ń jókòó wò ó nínú agbo ilé kan ní Ìfọ̀nyìn, ìlú tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni, ní ẹkùn Plateau, ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin. Èdè Faransé ni wọ́n ń sọ nínú eré náà, Faransé ti Abidjan pàápàá. Ìyá àgbà tó ni agbo ilé kò gbọ́ Faransé. Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin, tí ó tó ọmọ ọdún 11 nígbà náà, ni ó máa ń sọ eré náà di Yorùbá fún wọn, gbólóhùn dé gbólóhùn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà ní: "Wọ́n ti dé." Ìyá àgbà béèrè pé: "Ta ni wọ́n? Ọkọ náà nìkan ni, àbí òun pẹ̀lú àlejò?" Ọmọ náà dáhùn pé: "Àwọn nìkan ni, Ìyá." Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọkọ kan náà wọlé, ọmọ náà sì ní: "Ó ti dé." Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá àgbà kò béèrè ohunkóhun. Wọ́n kàn pòṣé.

Mo ń kọ ohun tí ọmọ náà ń sọ sílẹ̀, nítorí pé mo fẹ́ lò ó fún iṣẹ́ kan lórí ìtumọ̀ ẹnu. Nígbà tí mo ń da àkọsílẹ̀ mi kọ, mo rí "wọ́n" níbi tí ẹnì kan ṣoṣo ti wọlé, mo sì rí "ó" ní ibòmíràn fún ẹni kan náà. Mo pè é ní àṣìṣe ọmọdé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ di "ó" kí iṣẹ́ náà lè bára mu. Ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó mọ̀ pé ohun tí mo pa rẹ́ yẹn gan-an ni ohun tí ó níye lórí jù lọ nínú ìwé náà. Díẹ̀ nínú ojú ewé àkọ́kọ́ ṣẹ́ kù. Wọ́n wà lára ohun tí mo gbé àpẹẹrẹ mi kà níbí. Kì í ṣe ìwádìí oníye ni mo ń gbé kalẹ̀, àkíyèsí láti inú agbo ilé kan ni.

Ohun kan ṣoṣo ni bébà yìí fẹ́ sọ. A máa ń bi òǹwòran léèrè bóyá ó ṣì fẹ́ràn ẹ̀dá-ìtàn kan tàbí kò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́, a sì máa ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi Yorùbá sọ ìtàn eré ti dáhùn ìbéèrè náà ká tó bi í, nítorí pé gírámà kò jẹ́ kí ó dárúkọ ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀kejì láìṣe ìdájọ́. Bí ọkàn rẹ̀ bá sì yí padà láàárín ọdún tí eré náà fi ń lọ, inú arọ́pò-orúkọ, orúkọ àti ẹ̀yán ni a ó ti kọ́kọ́ rí i.

2. Ohun tí gírámà fi dandan lé òǹwòran lórí

Gbogbo wa mọ̀ pé "ó" jẹ́ arọ́pò-orúkọ ẹnìkẹta ẹyọ, pé "wọ́n" sì jẹ́ ti ọ̀pọ̀. A tún mọ̀ pé iṣẹ́ "wọ́n" kò tán síbẹ̀. Ó lè tọ́ka sí ènìyàn púpọ̀. Ó lè tọ́ka sí ẹnì kan tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Ó sì lè má tọ́ka sí ẹnì kan pàtó, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá ní "wọ́n ní ọjà ti tú". Ìbéèrè ìyá àgbà, "Ta ni wọ́n?", wá láti inú ìdàpọ̀ yìí. Wọn kò mọ̀ bóyá iye ni ọmọ náà ń sọ tàbí ọ̀wọ̀.

Faransé ní il àti elle. Gẹ̀ẹ́sì ní he àti she. Àwọn wọ̀nyí ń ya ọkùnrin sọ́tọ̀ lára obìnrin, wọn kò ya ẹni ọ̀wọ̀ sọ́tọ̀ lára ẹni tí kì í ṣe ẹni ọ̀wọ̀. Faransé ní tu àti vous lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ni ìyẹn wà fún. Lórí irú ìlò báyìí ni Brown àti Gilman kọ iṣẹ́ wọn tí ó jáde ní 1960, níbi tí wọ́n ti sọ pé agbára àti ìbáṣepọ̀ ni ohun méjì tí ń darí yíyàn náà. Iṣẹ́ tó wúlò ni, ṣùgbọ́n ẹnìkejì ni ó dá lé. Ẹni tí a pè ní vous wà níbẹ̀, ó sì ń gbọ́. Bí a bá pè é ní tu, ó lè bínú.

Ẹnìkẹta yàtọ̀. Ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Nínú ìgbésí ayé, a ṣì máa ń pe àgbà tí kò sí nítòsí ní "wọ́n", nítorí pé àwọn tó ń gbọ́ wa mọ̀ ọ́n, wọ́n sì lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá a. Ìwà ọmọlúàbí wà níbẹ̀, ìṣọ́ra náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá-ìtàn inú tẹlifíṣọ̀n kò ní gbọ́ láéláé. Kò sí ẹni tí yóò lọ sọ fún un pé ọmọ ọdún 11 kan ní Ìfọ̀nyìn pè é ní "ó". Nítorí náà, "wọ́n" tí a fún ẹ̀dá-ìtàn tàbí tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ sún mọ́ ọkàn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ju "wọ́n" tí a fún aládùúgbò lọ.

Mo gbọ́dọ̀ fi ààlà sí ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka-èdè Yorùbá ni ó ń lo ọ̀pọ̀ fún ọ̀wọ̀ bákan náà. Ní ilẹ̀ Oǹdó àti Èkìtì, ọmọ lè fi "ìwọ" bá àgbà sọ̀rọ̀ láìsí àrífín kankan níbẹ̀. Àwọn tí ń fi "wọ́n" bọ̀wọ̀ ni ọ̀rọ̀ mi kàn, bí agbo ilé tí mo ń sọ nípa rẹ̀ yìí.

3. Ọkọ Delta

Akissi Delta ni ó dá Ma Famille sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire. Láti 2002 dé 2007 ni eré náà fi lọ, ó sì tàn ká gbogbo orílẹ̀-èdè tí ń sọ Faransé ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ òṣèré inú rẹ̀ ló ń jẹ́ orúkọ ara wọn nínú eré: Delta ni Delta, Michel Bohiri ni Bohiri, Michel Gohou ni Gohou. Delta àti Bohiri jẹ́ tọkọtaya, ojú Bohiri kì í sì í gbélé.

Ẹ jẹ́ ká gbé gbólóhùn méjì ọmọ náà yẹ̀ wò. Ti àkọ́kọ́ wá láti ìgbà tí eré náà ṣì tuntun lójú rẹ̀:

"Bohiri ti dé. Wọ́n ní àwọn wà níbi iṣẹ́."

Èkejì wá lẹ́yìn tí irọ́ ọkọ náà ti hàn sí òǹwòran, tí kò sì tíì hàn sí ìyàwó:

"Bohiri ti dé. Ó ní òun wà níbi iṣẹ́."

Ní Faransé, gbólóhùn méjèèjì yóò di ọ̀kan: il dit qu'il était au travail. Ní Yorùbá, ohun méjì ló yí padà pọ̀. "Wọ́n" di "ó", "àwọn" sì di "òun". Arọ́pò-afarajorúkọ inú ọ̀rọ̀ àgbàsọ gbọ́dọ̀ bá ẹni tí ó sọ̀rọ̀ mu. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ náà gba ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ Bohiri, ó gbà á ní ìlọ́po méjì nínú gbólóhùn kan. Èyí kò jọ àṣìṣe. Ẹni tí iye ń dà láàmú ì bá ti sọ pé "wọ́n ní òun". Ọmọ yìí kò sọ bẹ́ẹ̀ rí nínú àwọn ojú ewé tí ó ṣẹ́ kù.

Ní gbogbo àkókò yìí, Delta kò kúrò ní "wọ́n" lẹ́nu ọmọ náà. Àgbàlagbà ni àwọn méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ orí nìkan ni ó ń darí rẹ̀, ibi kan náà ni wọn ì bá wà.

Mo wá rò ó pé kò sí bàbá kan nínú agbo ilé yẹn tí ọmọ náà lè pè ní "ó" lójú ìyá àgbà rẹ̀, ohun yòówù kí bàbá náà ti ṣe. Bó bá jẹ́ pé bàbá náà purọ́, wọ́n á ní "wọ́n purọ́", tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ sọ ọ́ létí ọmọdé. Ọmọ kì í dájọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n níwájú tẹlifíṣọ̀n, ọmọ ọdún 11 bọ́ "wọ́n" lára ọkọ kan, bàbá kan, ọ̀gá ilé kan, ìyá àgbà gbọ́, wọn kò bá a wí. Wọ́n pòṣé, ìyẹn ni pé wọ́n gbè é lẹ́sẹ̀. Mo gbà pé ìdí pàtàkì kan nìyí tí àwọn ọmọ fi fẹ́ràn láti máa túmọ̀ eré fún àgbà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jókòó sí ìgbìmọ̀ tí ọjọ́ orí wọn kò tíì gbà wọ́n láyè láti jókòó sí.

Ìyá àgbà fúnra wọn ńkọ́? Wọ́n ju Bohiri lọ lọ́jọ́ orí. "Ó" ni wọ́n ń pè é láti ìbẹ̀rẹ̀. Arọ́pò-orúkọ kò lè sọ fún wa pé ọkàn wọn yí padà. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, "ọkọ Delta" ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ó yá, ó di "ọkùnrin yẹn". Wọ́n ti gba Delta kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nínú àpólà-orúkọ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀. Ibi tí arọ́pò-orúkọ bá ti dákẹ́, àfi ká wo orúkọ àti ẹ̀yán.

4. Ọmọ yẹn, ọmọ yìí, ọmọ wa

Ìfọ̀nyìn kò jìnnà sí ẹnubodè. Ìgòlò wà lọ́dọ̀ wa, Idiroko wà lódì kejì, eré Nàìjíríà sì ń bá ọjà Nàìjíríà wọlé. Nínú agbo ilé kan náà ni mo ti rí i bí àwọn òǹwòran ṣe bá Jẹ́nífà rìn láti ẹ̀gàn dé ìfẹ́.

Fíìmù Jenifa tí Fúnkẹ́ Akíndélé ṣe jáde ní 2008. Suliat, ọmọbìnrin abúlé, wọ yunifásítì, ó fẹ́ jọ àwọn ọmọge ìgboro, ó sì sọ ara rẹ̀ di Jẹ́nífà. Ìkìlọ̀ ni fíìmù náà. The Return of Jenifa tẹ̀ lé e ní 2011. Nígbà tí Jenifa's Diary bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2015, ẹ̀dá-ìtàn kan náà ti kúrò nínú ìkìlọ̀. Ó ń ṣe irun ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń wá oúnjẹ òòjọ́, ó ní ọ̀rẹ́ bíi Toyo Baby àti Adaku, Ṣẹ́gẹ́ tí Falz ṣe sì wà lágbègbè rẹ̀.

Ọ̀dọ́ ni Jẹ́nífà. Kò sí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé náà pè é ní "wọ́n". Bí a bá ń wá "wọ́n" nìkan, a ó sọ pé ohunkóhun kò yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ àwọn àpólà-orúkọ. Ní ìgbà fíìmù, "ọmọ yẹn" ni: "ẹ wo nǹkan tí ọmọ yẹn wọ̀." Nígbà tí eré tẹlifíṣọ̀n ti ń lọ, ó di "ọmọ yìí": "ọmọ yìí yóò mà ṣèṣe o." Ìgbà tí ó pẹ́, ó di "ọmọ wa": "wọ́n tún ti ń fi ọmọ wa ṣẹ̀sín." Ẹ̀yán aṣàfihàn "yẹn" gbé e jìnnà sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. "Yìí" fà á súnmọ́. "Wa" sì mú un wọlé, ó sọ ọ́ di ẹni tí a lè jìyà fún. Ọmọ kan náà ni, arọ́pò-orúkọ kan náà ni, ìrìn ọ̀nà jíjìn sì ni.

Kí ló fà á? Ìdáhùn tó rọrùn ni pé òǹkọ̀wé tún ẹ̀dá-ìtàn náà ṣe. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Gẹ̀ẹ́sì Jẹ́nífà ni gbogbo ènìyàn ń fi rẹ́rìn-ín, àwọn tó sì ń rẹ́rìn-ín ní Ìfọ̀nyìn lọ ilé ìwé ní Faransé. Ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju ti ọjà lọ. Báwo ni ẹni tí kò gbọ́ èdè kan ṣe lè mọ̀ pé ẹlòmíràn ń ṣì í sọ? Nítorí pé Yorùbá ló wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì Jẹ́nífà. Ètò gbólóhùn rẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá, ohùn rẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó gùn ún lórí bí aṣọ àwìn. Òǹwòran wa mọ ibi tí ó ti ń bọ̀, nítorí pé bí àwọn náà ṣe ń sọ Faransé nìyẹn. Àbúlé tí eré náà sì fún un, Ayétòrò, ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ìlú tí a mọ̀ ní ilẹ̀ Yewa, tí kò jìnnà sí wa. Ẹ̀gàn kò lè pẹ́ lórí ẹni tí ń ṣe àṣìṣe tiwa gan-an. Ẹ̀rín náà ni ó sọ ọ́ di ọmọ wa.

5. Olóyè nínú ilé ara rẹ̀

Checkmate, eré tí Amaka Igwe kọ, wà lórí NTA ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ọ̀rọ̀ òwò àti agbára ìdílé ńlá ni, Ann Haatrope tí Ego Boyo ṣe sì wà ní àárín rẹ̀. Olóyè Fújì, tí Kúnlé Bámtẹ́fà ṣe, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá-ìtàn ibẹ̀. Ní 2001, Amaka Igwe yọ Fújì jáde, ó fún un ní eré tirẹ̀, Fuji House of Commotion: ilé kan, ìyàwó púpọ̀, ọmọ yanturu, ariwo láti òwúrọ̀ dé alẹ́.

Ohun tí ó wù mí nínú ọ̀rọ̀ Fújì ni pé ìwà rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ó ń halẹ̀ ní Checkmate, ó sì ń halẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Ohun tí ó yí padà ni ibi tí òǹwòran jókòó sí. Níta, olóyè ni. Nínú ilé, a ń fi ojú àwọn ìyàwó wò ó. Àwọn tí ó wo eré méjèèjì nínú agbo ilé wa máa ń sọ "Olóyè" àti "wọ́n" nígbà tí wọ́n bá ń rántí Checkmate, wọ́n á sì sọ "Fújì" àti "ó" bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa ilé aláriwo: "Fújì tún ti bẹ̀rẹ̀, ó ní òun kò ní fowó sílẹ̀." Mama Moji, ìyálé rẹ̀, ni ó gba "wọ́n" tí ọkọ sọ nù.

Níbí, "ó" kì í ṣe ìkórìíra. Ọkọ Delta gba "ó" nítorí pé a bínú sí i. Fújì gba "ó" nítorí pé a ti mọ ìdí abájọ rẹ̀, a ti rí i ní ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀, a ti gbọ́ bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ń dá a lóhùn. Lẹ́nu àwọn kan, "Fújì wa" ni ó jẹ́. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà. Eré ọlọ́jọ́ gígùn máa ń ráyè gbọ́ ti ẹnìkejì, ohun tí a bá sì gbọ́ lè dín ọ̀wọ̀ kù kí ó sì fi kún ìfẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Brown àti Gilman ti rí i pé agbára àti ìbáṣepọ̀ lè fa arọ́pò kan sọ́tùn-ún àti sósì. Fújì jẹ́ ká rí i pé ní ẹnìkẹta Yorùbá, òǹwòran kan lè gba "wọ́n" kúrò kí ó sì fi "wa" rọ́pò rẹ̀.

6. Nígbà tí eré kò yí padà rárá

Àpẹẹrẹ mi kẹ́yìn ni ó nira jù. Ní 2001, Super Story ti Wálé Adénúgà gbé "Oh Father, Oh Daughter" jáde. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ni ó ṣe Tóyìn Tòmátò níbẹ̀, obìnrin tí Suara torí rẹ̀ da ilé ara rẹ̀ rú. Nígbà náà, inú ń bí àwọn òǹwòran sí i gan-an. "Obìnrin burúkú yẹn" ni mo gbọ́ jù lọ. Lónìí, àwọn ènìyàn kan náà a máa wo àwọn ìpín kan náà, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa pè é ní "Tóyìn Tòmátò wa". Kò sí òǹkọ̀wé kankan tí ó tún un ṣe. Àwòrán náà kò kúrò níbi tí ó wà.

Ohun méjì ni mo rò pé ó ṣẹlẹ̀. Èkíní, òǹwòran ti dàgbà, ìbínú ọdún náà sì ti di ohun ìrántí ilé, pẹ̀lú àwọn tí ó bá wọn wò ó nígbà náà. Èkejì, òṣèré náà fúnra rẹ̀ ti rìn jìnnà. Ní 2018, Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe Ẹniọlá Sàlámì nínú King of Boys ti Kẹ́mi Adétiba, ó sì tún ṣe é nínú ìpín méje tí ó jáde lórí Netflix ní 2021. Ẹniọlá ń pànìyàn, ó ń ra òṣèlú, síbẹ̀ òǹwòran ń gbàdúrà kí ó bọ́.

Nínú ọ̀rọ̀ wọn, mo gbọ́ nǹkan kan tí n kò retí. Ènìyàn kan náà, nínú ìmí kan náà, sọ pé: "Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé, wọ́n mọ eré é ṣe, ṣùgbọ́n Ẹniọlá yẹn, ó burú." Ara kan, arọ́pò méjì. "Wọ́n" ti òṣèré ni, "ó" ti ẹ̀dá-ìtàn. Òǹwòran tí a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín eré àti òótọ́ ti fi gírámà ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ibi tí Ẹniọlá ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ, ẹni náà ní: "Wọ́n ti ń sunkún. Ẹ ò rí ojú wọn?" Ta ni "wọ́n" yẹn? Ṣé òṣèré ni, ṣé ìyá tí ọmọ kú lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Mo bi í. Ó wò mí bí ẹni tí ó béèrè ohun tí kò yẹ kí a béèrè, ó ní: "Ìyá ni wọ́n." Kò yan ọ̀kankan nínú méjèèjì, ìdáhùn rẹ̀ sì tọ́. Ọ̀fọ̀ ọmọ ni ó gba ọ̀wọ̀ padà.

7. Ohun tí a lè fi ta ko èyí

Àwọn kan lè sọ pé mo ń gbé ẹrù wúwo lé sílébù kékeré lórí. "Ó" lè jẹ́ ìkánjú. "Wọ́n" náà lè jẹ́ ẹ̀fẹ̀. Gbogbo wa la ti gbọ́ "wọ́n ti dé o" nípa ẹni tí a kò bọ̀wọ̀ fún rárá. Mo gbà. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé a kò gbọdọ̀ ka arọ́pò-orúkọ lóun nìkan. Ká wo mẹ́ta pọ̀: arọ́pò, orúkọ tí a pe ẹni náà, àti ẹ̀yán tí ó bá a rìn. Bí méjì nínú mẹ́ta bá yí padà ní ìgbà kan náà, tí wọn kò sì padà sẹ́yìn, ó ṣòro láti pè é ní ìkánjú. Ká sì fi ẹnì kan wé ara rẹ̀ lánàá, ká má fi í wé ẹlòmíràn lónìí, nítorí pé ọjọ́ orí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i lára ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ wọn.

Àtakò kejì lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Karin Barber, nínú ìwé rẹ̀ The Generation of Plays tí ó jáde ní 2000, fi hàn pé ẹ̀kọ́ ni àwọn òǹwòran eré orí ìtàgé Yorùbá máa ń wá láti mú lọ sílé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kì í ṣe ẹ̀kọ́ ni ó ń darí "wọ́n" àti "ó", dípò ìfẹ́? Mo rò pé fún eré tí ó ń parí ní alẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ìdájọ́ ń dé ní ìparí, òǹwòran á sì gbé e lọ. Ṣùgbọ́n eré tí ó ń lọ fún ọdún márùn-ún kì í tètè ní ìparí. Ẹjọ́ náà kì í kúrò ní kóòtù. Òǹwòran gbọ́dọ̀ máa gbé pẹ̀lú ẹni tí kò tíì dá lẹ́bi tán, bí a ti ń gbé pẹ̀lú ẹbí. Horton àti Wohl, ní 1956, pe irú èyí ní ìbáṣepọ̀ tí ó jọ ti ojúkojú tí kì í sì í ṣe ojúkojú. Yorùbá fún wa ní ohun tí àwọn kò ní lọ́wọ́: àmì tí a lè gbọ́ létí nígbà kọ̀ọ̀kan tí ìbáṣepọ̀ náà bá yí.

8. Ohun tí ó kan ìwé wa yìí

Èdè méjì ni ìwé yìí fi ń jáde, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ̀rọ̀ òǹwòran ní Yorùbá, tí ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé ní apá kejì ojú ewé, "ó" yóò di elle, "wọ́n" náà yóò di elle. Ẹni tí ó bá ka apá Faransé nìkan yóò rò pé òǹwòran kò sọ nǹkankan nípa ẹ̀dá-ìtàn náà. Èyí tó tún burú ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ìwé fi Faransé kọ́ lè máa wo Yorùbá rẹ̀ láti apá Faransé, kí ó sì ka "wọ́n" sí àṣìṣe iye. Ohun tí mo ṣe nìyẹn.

Mo dábàá nǹkan mẹ́ta. Kí a má ṣe tún arọ́pò-orúkọ ẹnikẹ́ni kọ nínú àdàkọ, bí ó ti wù kí ó rí lójú wa. Kí a fi arọ́pò Yorùbá sínú àkámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Faransé ní gbogbo ìgbà: elle (ó), elle (wọ́n). Kí a sì kọ ọjọ́ orí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ìpín eré tí ó ń sọ nípa rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé láìsí méjèèjì, a kò ní mọ ibi tí ẹni náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ọdún 11 ìjọ́sí ti di abiyamọ báyìí. Nígbà tí mo ka ojú ewé díẹ̀ tó ṣẹ́ kù fún un, ó rẹ́rìn-ín, kò rántí pé òun sọ ọ́. Mo fi ibi tí mo ti sọ "wọ́n" rẹ̀ di "ó" hàn án, ibi tí Delta ti ń dúró de ọkọ rẹ̀ lóru. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fa ìlà sí "ó" tí mo kọ, ó sì kọ "wọ́n" lé e lórí.